Nígbà tí ṣíìpù póká yín kù díẹ̀, kí lẹ ṣe? Èmi jókòó, mo ń wò ó títí ó fi tán

Ará Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú, torí ó ṣì ń dùn mí.

Sátidé tó kọjá, àwa méjìdínlógún la ta póká Texas Hold'em nílé ọ̀rẹ́ wa kan ládùúgbò mi, tábìlì méjì, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. 20,000 ṣíìpù, ẹyọ tá a fi ń dípò owó, la fi bẹ̀rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú sì ni blind fi ń gòkè, ìyẹn owó dandan tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ ní ìpín káàdì kọ̀ọ̀kan, small blind àti big blind tó jù ú lọ. Nígbà tó dé 500 àti 1,000, tí ẹni tó wà ní big blind tún ń san 1,000 ante, owó dandan mìíràn, ó ku 8,000 lọ́wọ́ mi. Big blind mẹ́jọ géérégé. Mo ní sùúrù ni, màá dúró de káàdì gidi.

Ẹ gbọ́ ìṣirò tí mi ò ṣe nídìí tábìlì, tó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣe é láago méjì òru. Bí káàdì bá yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan, 2,500 ti lọ lára mi. 8,000 ò lè yí ká ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Àwa mẹ́sàn-án la jókòó, nítorí náà nǹkan bí ìpín 27 ló kù tí màá rí láyé mi. Ace méjì tí mo ń retí, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 221 ni ti ẹ̀. Àfi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ò gbà!

Mo da A-9 (Ace àti 9) nù. Mo da K-J (King àti Jack) nù. Mo da 5 méjì nù, torí pé ẹni tó wà lápá òsì mi ń wò mí bí ẹni tó mọ nǹkan. Blind di 1,000 àti 2,000. Ìgbà tí Queen méjì máa dé, 3,500 ló kù. Mo kígbe all-in, mo ti gbogbo ṣíìpù mi síwájú. Èèyàn mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi! Ẹni tó wà ní big blind tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, 1,500 péré ló máa fi kún un, káàdì wo ni kò ní fi wò ó? 7-4 ló dì mú. 7 jáde láàárín tábìlì, 4 jáde, méjì-méjì wọn sì borí Queen mi. Mo dìde lọ sídìí iyán tí ìyàwó onílé gún. Iyán ọ̀hún ò lọ lọ́fun.

Ẹ sọ tiyín.

Bàbá Sábó, Oǹdó:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Queen kọ́ ló pa ọ́. 5 méjì tó o dà nù yẹn ló pa ọ́, ìgbà tó o kú ni o ò mọ̀. Nígbà tó o ní 8,000, ẹni tó ní 15,000 ò ní fi K-7 tẹ̀ lé ọ, ó mọ̀ pé bó bá pàdánù, òun náà wọ gàù. 3,500 ò dẹ́rù ba ọmọ ọwọ́. Tún wò ó: ká ní o ti gbogbo ẹ̀ síwájú tí gbogbo wọn sì sá, tí wọ́n da káàdì wọn nù, 2,500 ni o máa kó láì tíì ṣí káàdì kankan. Owó tábìlì yípo kan nìyẹn, ọ̀fẹ́.

Èmi náà ti bá a rí. Ìgbà ọdún Kérésì, níbí ní Oǹdó, ó ku big blind méje lọ́wọ́ mi. Mo wà ní button, ipò tó ṣáájú àwọn blind méjèèjì, gbogbo ẹni tó ṣáájú mi ti da tiwọn nù. K-8 ni mo rí. Káàdì tí mi ò jẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì ká ní ṣíìpù pọ̀ lọ́wọ́ mi! Mo ní all-in. Àwọn méjì tó kù lẹ́yìn mi sá. Mi ò fi káàdì han ẹnikẹ́ni, mo kàn bu omi mu. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún ti 7-6 olóríṣi kan náà, lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan fi A-K tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti ń kí mi pé ó dìgbà. Ṣùgbọ́n 7-6 bẹ́ẹ̀ ò tíì kú: bí ẹ bá ta á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, á borí A-K nínú nǹkan bí ogójì. 6 jáde. Ipò kejì ni mo bá a dé.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ayò ọlọ́pọ́n. Níbẹ̀, bí ilé mi bá ṣófo, ẹni tá a jọ ń ta gbọ́dọ̀ fún mi lọ́mọ tí màá fi ta. Ní póká, ta ló fẹ́ bù fún ẹ?

Ìyá Tíṣà, Ọba-Ilé:

Tèmi ò gùn. Mo gbọ́ pé "ẹni tí ṣíìpù ẹ̀ bá kéré, kó ti gbogbo ẹ̀", mo wá rò pé títẹ̀ lé ẹlòmíì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí tábìlì ní all-in, mo fi A-5 tẹ̀ lé e. A-Q ló ní. Ó tán. Ọkọ mi, tí kò mọ ju Whot lọ, ló là mí lójú: ẹni tó ṣáájú lè jẹ torí pé wọ́n sá, ó sì lè jẹ torí pé káàdì ẹ̀ borí. Èmi tí mo tẹ̀ lé e, ta ló kù tó máa sá fún mi?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Ó ku àwa mẹ́rin, ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa sanwó fún. Big blind mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi, ẹnì kan sì wà tó jẹ́ big blind ẹyọ kan péré ló ní, òun ni blind kàn lẹ́yìn ìpín yẹn. A-8 wọlé fún mi, ẹni tí ṣíìpù ẹ̀ pọ̀ jù ló wà lẹ́yìn mi. Mo dà á nù. Wọ́n pè mí ní ojo! Ìpín kejì, ẹlẹ́yọ kan yẹn ti lọ, èmi sì gbowó.

Bàbá Sábó, Oǹdó:

Ọmọ mi, o ṣe é re. Ìyẹn ò jọ ti Òkè-Ìjẹ̀bú rárá. Ìwọ mọ ẹni tó máa kú ṣáájú ẹ, òun kàn jókòó ni.

Ará Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́:

Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Jack Straus ńkọ́, tó borí nínú WSOP, ìdíje póká àgbáyé, ní 1982 ní Las Vegas? Ṣebí ṣíìpù kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, nínú àwọn 104 tó wọlé.

Bàbá Sábó, Oǹdó:

Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù sí i lóòótọ́, ṣé ó wá ń dúró de Queen méjì? Ìgbà wo lẹ tún ń ta?

Ará Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́:

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin.

Bàbá Sábó, Oǹdó:

Màá wọkọ̀ wá. Sọ fún ìyàwó onílé pé kó fi iṣu tèmi kún un. Iyán tìrẹ tí kò lọ lọ́fun lọ́jọ́ yẹn, èmi ni màá jẹ ẹ́.