Àbọ̀ ọ̀rọ̀ yàrá mi ní Leipzig: mo ti rí i o!

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ rántí pé mo figbe ta síbí lóṣù tó kọjá, torí onílé tó gbà mí sílé kọ̀ láti sáìn Wohnungsgeberbestätigung fún mi, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń jẹ́rìí pé o ti kó wọlé, tí ò bá sì sí ìyẹn kò sí Anmeldung (fíforúkọ àdírẹ́sì ẹni sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba), bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òfin Jámánì fún èèyàn láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá kó wọlé.

Ẹnì kan nínú yín ló ní kí n lọ bá Studentenwerk, àjọ tó ń bójú tó ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fún yàrá, mo ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an, àfi bí ímeèlì ṣe wọlé lọ́sẹ̀ kẹta pé yàrá kan ti ṣófo. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè mo ti forúkọ sílẹ̀, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi lọ́fíìsì wọn. Báńkì náà ti ṣí àkáǹtì fún mi, yúrò 992 tó yẹ kó máa wọlé lóṣooṣù látinú blocked account (àkáǹtì tí wọ́n ń ti owó ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀) tí dádì mi fi gbogbo agbára wọn kówó sí ti ń wọlé báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó yàrá kankan láìkọ́kọ́ béèrè bóyá Anmeldung ṣeé ṣe níbẹ̀. Ẹ tún ra oúnjẹ sílẹ̀ ní Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Mo ti pe mọ́mì mi, àdúrà ni wọ́n ń gbà ṣáá. Ó parí nìyẹn o, ẹ ṣeun.