Ọmọ mi ń múra WAEC, kajú sì ti ń jábọ́: báwo la ṣe máa pín àkókò?

Ìyá ọmọ SS 3, Ìsánlú:

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.

Ọmọkùnrin mi wà ní SS 3, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀ fún, Yorùbá àti Ágíríìkì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló gbé táìmùtébù WAEC wálé, láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ìwé pè ní kóòtù. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ ló ti ń jókòó sídìí àtùpà sólà títí di aago méjì òru, ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ló ń kà. Tó bá di àárọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n kankan. Lọ́jọ́ Àìkú mo bi í pé kí ló kà lóru àná. Àkọlé nìkan ló rántí, ó bú sẹ́kún níwájú mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kajú. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa lásìkò yìí. Owó kajú ọdún tó kọjá ni mo fi san owó ìdánwò náà. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ yìí nìkan ló ń bá wọn ṣà á lẹ́yìn ilé ìwé àti ní Sátidé. Bí a ò bá ṣà á kíákíá tí òjò fi bá a nílẹ̀, hóró rẹ̀ á dúdú, àwọn tó ń rà á á sì gé owó rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀sẹ̀ kan wà lórí táìmùtébù náà tí ìdánwò méjì bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn rẹ̀ wọn ò ní nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà yẹn lòun máa fi ka gbogbo Físíìsì. Ọkàn mi ò gbà á.

Èmi fúnra mi ò ka ìwé kọjá SS 1, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ṣé kí n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá ni? Ẹ bá mi dá sí i.

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Kàbbà:

Òkun o, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń kọ́ àwọn SS 3, irú ọmọ yín yìí kì í sì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kò kàn mọ ibi tí iṣẹ́ náà dúró sí ni.

Ẹ ní kó yọ táìmùtébù yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ wá kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì fẹ̀. Kó fa ilà sí i, kó kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti òní títí dé ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn. Kó wá fi bíró pupa mú àwọn ìdánwò tirẹ̀ nìkan sínú rẹ̀. Táìmùtébù WAEC gùn nítorí pé ti àwọn ọmọ ìṣòwò àti ti àwọn ọmọ áàtì wà nínú rẹ̀, iye àwọn ọ̀rọ̀ tí kò kàn án yẹn ló ń kó jìnnìjìnnì bá a. Mo ti rí ọmọ tó mí kanlẹ̀ nígbà tó rí i pé tirẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti mú wọn jáde tán, ẹ̀yìn ni kó ti máa kà bọ̀ wá síwájú. Kó fi ìka lé ọjọ́ Físíìsì, kó ka ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kó kọ Físíìsì sínú wọn. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìṣirò. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Ibi tí iṣẹ́ méjì bá ti ń du ọjọ́ kan náà ni ìṣòro wà, ibẹ̀ ló sì ti máa rí i pé òun gbọ́dọ̀ ti ka ọ̀kan nínú wọn tán kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé. Ọjọ́ mẹ́fà tó ṣófo yẹn, àtúnyẹ̀wò ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà kọ́ Físíìsì ọdún mẹ́ta, ẹ̀rù ni yóò fi kà á.

Mo fẹ́ kó fojú sí pírákítíkà. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìbéèrè A-B-C-D, tíọ́rì àti pírákítíkà, ọjọ́ pírákítíkà kì í sì í sábà jẹ́ ọjọ́ tíọ́rì. Àwọn ọmọ máa ń fi pírákítíkà sílẹ̀ pé tíṣà á kọ́ wọn tó bá kù dẹ̀dẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́yìn wọn nídìí títírésọ̀n Kẹ́mísìrì, níbi tí wọ́n ti ń da ásíìdì díẹ̀díẹ̀ láti wọn iye rẹ̀: ọmọ á nàró ṣánṣán, á máa wo bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, láti òkè wá sísàlẹ̀, ohun tó kà á sì ti yẹ̀. Kó tẹ̀ba títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kó ka ìsàlẹ̀ ibi tí omi náà ti tẹ̀ kòtò. Kó kọ ọ́ 24.50, kó má kọ 24.5. Àwọn iye omi tó bá fẹ́ fi ṣe ìpíndọ́gba ò gbọ́dọ̀ fi ju 0.20 lọ jìnnà síra. Nínú Báyọ́lọ́jì ẹ̀wẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ya àwòrán, rúlà ni wọ́n fi ń fa ilà orúkọ, ilà kan ò sì gbọ́dọ̀ gba orí òmíràn kọjá. Máàkì tí ẹnikẹ́ni lè gbà nìyẹn, kódà ẹni tó gbàgbé ìwé.

Ti kíkà dé aago méjì òru, ẹ bá mi fi òpin sí i. Ìwé tó kà tí kò rántí, kò kà á.

Àgbẹ̀ kajú, Mopà:

Ìyá wa, ẹ má gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ìwé nìkan ló kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sínú ilé tó ń ronú pé bàbá àgbà nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ ṣa kajú lábẹ́ igi, ìwé náà ò ní wọlé.

Bí a ṣe ṣe tiwa lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin ṣe ìdánwò nìyí. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé ló ń bá mi lọ, ó ń ṣà títí di aago mẹ́sàn-án, ó ń padà sílé. Àwa tó kù là ń yọ hóró kúrò lára èso, tá à ń sá a. A ò jẹ́ kó lọ ní àárín ọ̀sẹ̀ mọ́. A bẹ àwọn ọmọ àbúrò mi, a ń fún wọn ní díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá ṣà. Nígbà tí ìdánwò wọlé gan-an, kajú ti ń tán lọ, ewéko ló kù láti ro, ìyẹn sì lè dúró.

Ọmọ Ìyàrá, yunifásítì ló wà báyìí:

Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fi táìmùtébù ọwọ́ rẹ̀ wé èyí tó wà ní ilé ìwé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n máa ń ṣàtúnṣe rẹ̀.

Lọ́dún tèmi, èyí tí ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni mo tẹ̀ lé, mi ò mọ̀ pé tàtijọ́ ni. Mo rò pé ọ̀sán ni Ẹkọnọ́míìsì. Mo jẹun, mo wẹ̀, mo gun ọ̀kadà, mo dé ẹnu géètì láago kan ku díẹ̀, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń jáde bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ibo ni mo wà látàárọ̀. Mi ò lè fèsì. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà títí oòrùn fi rọ̀. NECO ni mo padà fi rí kírẹ́díìtì iṣẹ́ náà. Títí di òní, bí mo bá ní ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń wo aago rẹ̀.

Bí abúlé yín bá jìnnà sí ibi ìdánwò, kó sùn sí ìlú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Òjò oṣù karùn-ún ò mọ ọmọ WAEC. Kó má sì mú fóònù wọ gbọ̀ngàn o, kódà kó pa á. Gbogbo èsì rẹ̀ ni wọ́n lè fagi lé nítorí ẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá, Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba Yorùbá, ó sì ń dùn mí. Àwọn ọmọ wa máa ń fi í sẹ́yìn pátá pé èdè ìyá àwọn ni. Yàgbà ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń béèrè. Kò sí ohun tó burú nínú Yàgbà, èdè mi ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ àròkọ bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n á gé máàkì rẹ̀ níbi tó ti rò pé òun mọ̀ ọ́n jù. Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ló wà nínú rẹ̀. Kó kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀, kó gbé e fún olùkọ́ rẹ̀ kó fi bíró gé e. Kó fi àmì ohùn sí i látìbẹ̀rẹ̀, kó má sọ pé òun á padà wá fi sí i.

Ìyá ọmọ SS 3, Ìsánlú:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n bi tíṣà léèrè: Ìṣirò ló gbé e ṣubú nínú ìdánwò àdánwò (mock) ilé ìwé wọn. Ó gba 38. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?

Tíṣà Kẹ́mísìrì, Kàbbà:

Ó ṣeé ṣe. 50 ni C6, kírẹ́díìtì tó kéré jù, ti ń bẹ̀rẹ̀, méjìlá ló kù fún un, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún.

Tíọ́rì Ìṣirò jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀. Apá kìn-ín-ní ní ìbéèrè 5, dandan ni gbogbo wọn, máàkì 40 ló wà níbẹ̀. Apá kejì ní 8, yóò mú 5, máàkì 60. Kó mú ìbéèrè ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kó ṣe apá kìn-ín-ní nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lójoojúmọ́, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀. Èyí tó bá kùnà, kó má ṣí ìdáhùn wò títí di ọjọ́ kejì, kó tún un ṣe ná. Lẹ́yìn náà kó yan orí ẹ̀kọ́ mẹ́fà tó yé e jù fún apá kejì, kó mọ̀ wọ́n yinrin.

Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbọ́dọ̀ sùn. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn fún ọmọ sáyẹ́ǹsì. Nínú ìwé kejì Gẹ̀ẹ́sì, àròkọ ní 50, àyọkà ní 20, àkékúrú (sọ́márì) ní 30. Àwọn ọmọ máa ń fi gbogbo àkókò wọn kọ àròkọ, wọ́n á wá sáré já àkékúrú jù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ 30 kì í ṣe owó kékeré.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́kọ́ja:

Oorun o, oorun. Kó sùn láago mẹ́wàá, kó jí láago márùn-ún. Lọ́jọ́ tó ní ìdánwò méjì, ẹ di oúnjẹ àti omi fún un, kó má jẹ́ pé ebi ló máa bá wọ ti ọ̀sán.

Ìyá ọmọ SS 3, Ìsánlú (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì):

Ẹ̀yin ará mi, òkun o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A ti fa kàlẹ́ńdà náà. Bàbá mi ló bá a di rúlà mú, wọ́n ń bi í pé kí ni èyí, kí ni ìyẹn. Nígbà tó kọ ọjọ́ pupa tán, ó kà á, ó tún un kà, ó ní, "Ìyá mi, ọjọ́ méjìdínlógún péré ni." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sùn kí n tó sùn.

Bàbá mi fúnra wọn ló sọ pé Sátidé nìkan ló kù, aago mẹ́sàn-án kó máa lọ sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ló ń bá wọn ṣà á láàárín ọ̀sẹ̀. Òjò kan ti mú díẹ̀ nínú kajú náà, a ò bínú.

Ó ti ṣe apá kìn-ín-ní Ìṣirò ọdún mẹ́rin. Lánàá ó gba 27 nínú 40, ó gbé ìwé náà wá bá mi ní ìdí ààrò tí mo ti ń ro àmàlà, ó nà án sí mi lójú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí máàkì pupa tí tíṣà rẹ̀ fi sí i. Àròkọ Yorùbá ló ń kọ lọ́wọ́ báyìí, ó ń bi bàbá mi léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkómọ láyé àtijọ́, bàbá ò sì fẹ́ dákẹ́ mọ́.