Ìdáhùn: "ìyípo omi" kọ́, omi ń gbó ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja òkun àti iyùn nínú àpótí gíláàsì. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé mì: "ìyípo omi". Wọ́n fi ń pe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, tí à ń dúró kí kòkòrò àìfojúrí tó ń pa agbára májèlé inú omi pọ̀ tó, kí ẹja tó wọ inú omi ("cycling" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é). Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kí ló ń yí po níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo "po" yẹn dáadáa. Ohun tó bá yí po, ó ń padà síbi tó ti gbéra ni. Ọdún yí po, oṣù kan náà tún dé. Nínú àpótí, oúnjẹ tó jẹrà àti ìgbẹ́ ẹja á di amóníà, májèlé sì ni. Kòkòrò àìfojúrí kan á sọ amóníà di náítíráìtì, májèlé ṣì ni. Òmíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí ẹja lè fara dà níwọ̀nba. Ó tán. Náítíréètì kì í padà di amóníà. Ṣe ló ń ga sí i, àfi kí èèyàn bu lára omi dànù, kó fi omi oníyọ̀ tuntun dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àwọn kòkòrò kan wà nínú ihò wínníwínní ara òkúta inú àpótí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó ń sọ díẹ̀ nínú náítíréètì di afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn gba ojú omi jáde lọ, kò padà wá mọ́. Níbo ni "po" wà?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ó ti pa ẹja lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n jẹ́ kí omi "yí po" kí n tó fi ẹja sí i. Mo tan pọ́ńpù, omi ń yí biribiri. Òṣùwọ̀n iyọ̀ fi 1.025 hàn gẹ́lẹ́, bíi ti omi òkun, ooru omi kò ju 26°C lọ, omi sì mọ́ gaara. Lọ́jọ́ kẹrin mo fi ẹja kékeré méjì sí i, aláwọ̀ ọsàn onílà funfun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ojú omi ni àwọn méjèèjì wà, tí wọ́n ń ṣẹnu pàkà-pàkà, ibi tí wọ́n fi ń mí pọ́n fòò. Mo bu omi sínú ìgò àyẹ̀wò amóníà. Ohun tó yẹ kó dúró ní yẹ́lò di àwọ̀ ewé lójú mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kú. Omi ti yí. Kò tíì gbó ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń fẹ́ nìyẹn: omi ń gbó, omi ti gbó, gbígbó omi. Ìyá tó bí ìyá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí wọ́n ṣi "gbó" lò rí. Èso lórí igi, "kò tíì gbó, ẹ fi sílẹ̀." Ọmọṣẹ́ tó fẹ́ gba òmìnira kí ọjọ́ tó pé, "kò tíì gbó nídìí iṣẹ́." Wọ́n mọ̀ pé ìgbà ló ń mú nǹkan gbó, ojú lásán kò sì lè fi í mọ̀. Kódà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ohun kan bí eruku pupa rẹ́súrẹ́sú á bo iyanrìn àti gíláàsì. Ẹni tí wọ́n sọ "ìyípo" fún á ní omi ti bàjẹ́, á da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹni tó mọ̀ pé omi ń gbó á rí i bí ìrorẹ́ lójú ọmọ tó ń bàlágà, á fi í sílẹ̀.

Arábìnrin tó kọ̀wé lánàá láti tako "gbó" ní aṣọ ló ń gbó, pé omi gbígbó á dún bí omi ìdọ̀tí. Aṣọ ń gbó lóòótọ́, ajá náà ń gbó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣàdúrà fún wa pé ká gbó, ká tọ́, ta ló rò pé àkísà ni wọ́n ní ká dà? Ọ̀gá wa tó dábàá "ìgbó omi" sì rán wa létí lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn ti fi ọdún 22 kọ́ni ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Èmi náà ti fi ọdún 9 sin iyùn. Ohùn ìsàlẹ̀ orí "ì" yẹn bófin mu, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù? Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó di igbó inú omi. Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ, ìyẹn ká tún kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ pè pẹ̀lú "í", ni ká dì mú. "Gbígbó" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ dákun, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà yẹn, ẹ yọ "òdòdó òkun" náà kúrò níbi tí iyùn yẹ kó wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù náà pe ohun tó ń yọ lára iyùn ní òdòdó, títí dókítà ará Faransé kan, Jean-André Peyssonnel, fi sọ láàárín ọdún 1720 sí 1730 pé ẹranko ni. Wọn kò kọ́kọ́ gbà fún un. Iyùn pupa ló sì wò, irú èyí tí à ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn ní ẹnu, ó ní ikùn, ó ń ta ohun tó bá fara kàn án. Ní ti ọ̀pọ̀ iyùn, ohun tín-ín-tín bí ewéko ló ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n àlejò kì í gba orúkọ mọ́ onílé lọ́wọ́. Ẹni tó bá rò pé òdòdó ni á da egbòogi bàbà tí wọ́n fi ń wo ẹja sínú omi, iyùn á sì kú.

Ó wá ku "ìbùkún omi", fún omi tí à ń bù kún àpótí lójoojúmọ́. Etí mi gbọ́ àdúrà níbẹ̀, kò sì sọ irú omi tó jẹ́. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Ẹni tó bá ń fi omi oníyọ̀ kún un, gíráàmù 35 nínú lítà kan á di 36, á di 38. Omi tí kò níyọ̀ ló yẹ. Mo ti ń rò "omi àfidípò", torí ohun tó lọ là ń dá padà, àmọ́ mo ti lo "dípò" lókè fún omi tí à ń pààrọ̀, méjèèjì á kọlu ara wọn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju ìyẹn lọ, kó mú un wá, kó sì fi àmì ohùn sí i.