Kí ló dé tí èrò àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ará Írẹ́lándì fi yàtọ̀ tó báyìí lórí Oliver Cromwell?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn, mo kí i yín. Ère Cromwell, ọ̀gágun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó bá Ọba Charles Kìíní jà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ti wà lẹ́bàá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London láti ọdún 1899, ipò kẹwàá ni ó sì gbà ní ọdún 2002 nígbà tí BBC ní kí aráàlú dìbò yan àwọn ọmọ Bìrìtìkó tó ga jù lọ. Ní Írẹ́lándì, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣépè ni. Ta ni kí a gbà gbọ́?

Èsì kìíní
Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni ó yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní 1649, nígbà tí Cromwell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dájọ́ ikú fún Ọba Charles Kìíní, tí wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí Cromwell ya wọ Drogheda, ìlú kan ní Írẹ́lándì, tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni tó gbé ohun ìjà sí. Àwọn kan sá gun ilé aago ìjọ Peter Mímọ́. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó àga ṣọ́ọ̀ṣì jọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dáná sun wọ́n mọ́ ibẹ̀. Ó kọ̀wé sílé pé ìdájọ́ òdodo Ọlọ́run ni.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn agbèjà rẹ̀ a máa sọ pé òfin ogun ayé ìgbà náà kò fi dandan lé e pé kí a ṣàánú ìlú tó kọ̀ láti túúbá, àti pé ẹ̀san àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí àwọn Àgùdà Írẹ́lándì pa ní Ulster, ní àríwá erékùṣù náà, ní 1641 ni ó ń gbà. Ti ẹ̀san yẹn kò wọ̀ mí létí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni Arthur Aston, ọ̀gágun ẹgbẹ́ ọba tó ń ṣọ́ Drogheda, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Èsì kẹta
Ẹ̀yin ará, ìpànìyàn nìkan kọ́ ni ó mú kí ìkórìíra náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Òfin 1652 gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ onílẹ̀ lọ sí Connacht ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, níbi tí ilẹ̀ kò ti lọ́ràá. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà ni wọ́n fi san gbèsè tí ìjọba jẹ àwọn olówó London àti owó oṣù àwọn jagunjagun. Púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun sì ta tiwọn ní ọ̀pọ̀ fún àwọn ọ̀gá wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àgbẹ̀ Írẹ́lándì ṣì ń san ìsákọ́lẹ̀ fún ìdílé tó gba ilẹ̀ wọn nígbà náà.