Eré wo ni kí n kọ́kọ́ wò kí àwọn àwàdà wọ̀nyí tó lè yé mi?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré orí tẹlifíṣọ̀n, ìmọ̀ràn yín ni mo ń fẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo wo “Dual Spires”, apá kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2010 nínú Psych, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ apanilẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó parí kí n tó gbọ́ pé Twin Peaks, eré ọdún 1990 nípa ìwádìí ikú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Laura Palmer, ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ júbà, àti pé mélòó kan nínú àwọn òṣèré ti àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún pè wá kópa. Gbogbo ẹ̀rín tó yẹ kí n rín ló fò mí ru. Mo tún wá rí i pé òṣèré David Duchovny ti ṣeré nínú Twin Peaks kí ó tó di Mulder, aṣèwádìí FBI, nínú The X-Files ní 1993, àti pé eré àwòrán The Simpsons náà gba Mulder àti Scully, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú The X-Files, lálejò ní 1997.

Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí The Prisoner ti 1967, eré tó pẹ́ jù nínú àwọn tí mo fẹ́ wò, kí n sì máa tẹ̀ lé ọdún, tàbí kí n kọ́kọ́ wo Twin Peaks? Ẹ̀rù ń bà mí pé títẹ̀lé ọdún lè sọ ìgbádùn di iṣẹ́ àmúrelé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ẹni tó pa Laura Palmer fún mi.