Fádà tó gbọ́ ìjẹ́wọ́ apànìyàn, kí ló lè sọ fún ọlọ́pàá?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin ìjọ Kátólíìkì, mò ń kọ nọ́fẹ̀lì kan, ìlú kékeré ni, wọ́n pa akọrin ìjọ, apànìyàn sì wá jẹ́wọ́ fún fádà. Mo ti ka òfin ìjọ ti 1983, kánọ́ọ̀nù (ìyẹn abala òfin) 983 ní àṣírí ìjẹ́wọ́ ò ṣeé tú rárá, 984 tún ní fádà ò gbọdọ̀ fi ohun tó gbọ́ níbẹ̀ pa ẹni tó jẹ́wọ́ lára. Mo kọ́kọ́ ní kí fádà kọ lẹ́tà aláìlórúkọ, mo yọ ọ́ kúrò, torí ìgbàgbọ́ ẹ̀ ni gbogbo ìwé yìí dúró lé. Àmọ́ ó ti fojú ara ẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ láṣọ ọkùnrin yẹn kó tó wá jẹ́wọ́ o. Ṣé ó lè sọ ìyẹn nìkan fún ọlọ́pàá, àbí ìjẹ́wọ́ ti dí i lẹ́nu pátápátá?