"Ọ̀fun" kò gbọdọ̀ dúró fún ibi méjì lára kábúrétọ̀ ìjàpá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Mo ti ka àbá tí ọ̀kan nínú wa fi ránṣẹ́ lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá ṣàlàyé kábúrétọ̀ mọ́tò àtijọ́, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, fún ẹni tó fẹ́ dá a mọ̀ kí ó tó lọ ra ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ó ní kí a pe kábúrétọ̀ ní "apoepo", kí a pe ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nínú rẹ̀ ní "ọ̀fun", kí a sì sọ fún òǹkàwé pé nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà lára kábúrétọ̀ Solex (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é) ti Volkswagen ìjàpá, bí 30 PICT-3 tàbí 34 PICT-3, ni ìwọ̀n ọ̀fun náà ní mìlímítà. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn yẹn yóò ṣi ẹni tó bá gbé kálípà, irin tí a fi ń wọn ihò, lọ́wọ́ lọ́nà.

Inú kábúrétọ̀ yìí kò fẹ̀ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fún láàárín, ibi tó fún yìí ni afẹ́fẹ́ sì ti ń sáré jù. Bí ó ti ń sáré ni ipá rẹ̀ lára ògiri ń dín kù, tí epo fi ń ti inú ìkòkò rẹ̀ gba ojú jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ní ihò tóóró, jáde wá bá a. Nísàlẹ̀, ọ̀nà náà tún fẹ̀ padà, ibẹ̀ ni àwo pẹlẹbẹ tó máa ń ṣí nígbà tí awakọ̀ bá tẹná wà. Ihò tí àwo yìí ń dí ni nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà ń tọ́ka sí. Lára 34 PICT-3, ihò náà jẹ́ mìlímítà 34, ṣùgbọ́n ibi tó fún láàárín jẹ́ 26 péré. Lára 30 PICT-1, ibi tó fún náà jẹ́ 24. Bí òǹkàwé wa bá wá rí "ọ̀fun" nínú ìwé, níbo ni yóò ki kálípà bọ̀? Ibi tóóró ni gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ọ̀fun sí, nítorí náà ibi tó fún ni yóò wọ̀n, yóò rí 26, yóò sì lọ máa béèrè ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ládípọ̀, ọjà ohun èlò mọ́tò l'Ékòó.

Ohun tí mo dábàá ni pé kí ọ̀fun máa jẹ́ orúkọ ibi tó fún láàárín nìkan, nítorí ó bá a mu rẹ́gí, kí a sì pe ibi tí àwo wà ní "ihò àwo". Àwọn kan lè fẹ́ "ẹnu" ju ihò àwo lọ. Mi ò ní bá wọn jà, àmọ́ òkè pátápátá, níbi tí asẹ́ afẹ́fẹ́ ti máa ń bò ó, ni ọkàn ènìyàn yóò kọ́kọ́ lọ bí ó bá gbọ́ ẹnu kábúrétọ̀, a ó sì tún bá ara wa nínú wàhálà kan náà.

Kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn akọ̀wé lásán ni èyí. Ìdí 34 tóbi ju ìdí 30 lọ, bóòtù méjì tó dè é mọ́lẹ̀ sì jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ẹni tó bá fẹ́ gbé 34 sórí páìpù ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 30 fi gbọ́dọ̀ fi irin ìsopọ̀ sáàárín. Bí ènìyàn bá ra gáskẹ́ẹ̀tì ìdí tí kò bá a mu, atẹ́gùn yóò máa ráyè wọlé lábẹ́, sílò mọ́tò náà, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ nígbà tí a kò tẹná, kò sì ní dúró, bó ti wù kí wọ́n yí ṣúrù tó.

Nípa nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, àbá náà pe 34 PICT-3 ní "ọlọ́fun 34 onímẹ́ta". Onímẹ́ta yìí ò dáa rárá. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé kábúrétọ̀ ọ̀hún ní ọ̀fun mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ló ní. "Ìran kẹta" ló sàn jù, nítorí bí wọ́n ṣe ń yí i padà ni nọ́ńbà náà ń fi hàn. Ìran yìí sì ṣe é fojú rí: 30 PICT-2 ní ṣúrù kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ṣùgbọ́n 30 PICT-3 ní méjì níbẹ̀, ńlá kan tó ń ṣètò eré sílò àti kékeré kan tó ń ṣètò epo rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ àti epo dúdú bá ti bo àmì ara ìkòkò débi pé búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù kò rí i fọ̀, ṣúrù wọ̀nyí ni kí ènìyàn kà. Lẹ́tà PICT fúnra rẹ̀ ni kí a má ṣe túmọ̀ rárá. Bí ó ṣe wà lára irin ni olùtajà ṣe ń wá a.

"Apoepo" ńkọ́? Níbi tí a bá ti ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ó yé ni pé ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí kò bá sì sí àmì, àpò epo ni ènìyàn yóò kà á sí, ẹni tó ń wá kábúrétọ̀ yóò sì máa ka ọ̀rọ̀ nípa táǹkì. Kábúrétọ̀ ni mẹkáníìkì ń pè é, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí àlàyé wa tún sọ fún òǹkàwé pé kí ó má gbára lé ìwé mọ́tò. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá pọ̀ ní Èkó, láti Brazil ni wọ́n sì ti ń kó ohun èlò rẹ̀ wá nígbà náà, nítorí náà Brosol, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe kábúrétọ̀ ní Brazil, lè wà lára kábúrétọ̀ dípò orúkọ tí ènìyàn ń retí, lẹ́tà H sì lè wà níwájú nọ́ńbà, bí H30/31. Láti ìgbà náà wá, ta ni yóò ka iye ọwọ́ tó ti pààrọ̀ rẹ̀? Bákan náà ni jẹ́ẹ̀tì: 127.5 tí wọ́n tẹ̀ sí i lára túmọ̀ sí ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 1.275, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì kan bá ti fi wáyà gún un rí, nọ́ńbà yẹn ti di irọ́, tuntun ni kí wọ́n rà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pọ́tònóvò àti Kétu ní Olómìnira Benin, mo mọ̀ pé èdè Faransé ni ẹ fi ń pe ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀nyí, gicleur sì ni jẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì yín bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀fun àti ihò àwo lẹ́nu iṣẹ́, kí a lè kọ tiyín náà sí i kí ìwé náà tó jáde.